Ta Ni Yóò Ṣe Oníduró fún Wọn?

Ní ọdún 1989, ní ìlú Denver ní ìpínlẹ̀ Colorado lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Jossy Eyre yọ 500 dọ́là, ó fi ra ẹ̀wà. Ó ti ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ ní ibùdó kan tí àwọn obìnrin aláìnílé máa ń wá lójú ọ̀sán, ohun tó sì ń rí níbẹ̀ ń dùn ún. Ibùdó náà ń dáàbò bo àwọn obìnrin yìí lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó wá lánàá ló tún ń padà wá lónìí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ríṣẹ́, kì í pẹ́ tí iṣẹ́ fi ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Eyre bá gba méjì nínú wọn síṣẹ́. Wọ́n da oríṣi ẹ̀wà mẹ́wàá pọ̀, wọ́n dì í sínú àpò kéékèèké, wọ́n ń tà á fún ẹni tó bá fẹ́ fi se ọbẹ̀.

Bí ilé iṣẹ́ Women's Bean Project ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, títí dòní ló sì ń tajà káàkiri Amẹ́ríkà. Obìnrin tí wọ́n bá gbà síbẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan, wọ́n sì ń san owó iṣẹ́ gidi fún un. Nínú wákàtí mẹ́wàá tí wọ́n bá sanwó rẹ̀, nǹkan bíi méje ni yóò fi ṣiṣẹ́ ẹ̀wà. Mẹ́ta yòókù jẹ́ tirẹ̀: láti kọ́ kọ̀ǹpútà, láti mọ bí a ṣe ń ṣètò owó, láti gbára dì fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àti láti tún àwọn ohun tó wọ́ nínú ayé rẹ̀ ṣe.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́ṣẹ́ rí nílẹ̀ Yorùbá yóò mọ ohun tí Eyre ń lé. Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ kò lọ síbẹ̀ torí abẹ́rẹ́ àti òwú nìkan. Ibẹ̀ ló ti ń mọ̀ pé a kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ló ti ń kọ́ bí a ṣe ń pàrọwà fún oníbàárà tó ń bínú, àti bí a ṣe ń fara da ọ̀rọ̀ ọ̀gá láì ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ kó sì bínú jáde. Nígbà tó bá fi máa gba fíríìdọ́ọ̀mù, ó ti di ẹni tí a lè fọkàn tán. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń sun ìta ní Amẹ́ríkà ni kò rí ọ̀gá bẹ́ẹ̀ rí, nítorí pé kò sẹ́ni tó mú wọn lọ fún un.

Oríṣiríṣi ọ̀nà ló ń gbé obìnrin dé ìta gbangba. Ọkọ tó ń lu ìyàwó wà níbẹ̀, àìsàn wà níbẹ̀, oògùn olóró àti ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀, owó ilé tó ń gòkè lójoojúmọ́ náà sì ń dá kún un. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ka àwọn aláìnílé ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kìíní ọdún 2024, wọ́n jẹ́ 771,480. Nǹkan bíi mẹ́rin nínú mẹ́wàá wọn jẹ́ obìnrin, nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́wàá sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú, bẹ́ẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú kò ju ìdá kan nínú ìdá méje tàbí mẹ́jọ gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè náà lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí: ọwọ́ ìjọba gan-an ni àwọn kan ti jáde bọ́ sí ìta.

Bí kóòtù bá rí i ní Amẹ́ríkà pé wọ́n ń lu ọmọ kan nílùkulù, tàbí pé ebi ń pa á, tàbí pé oògùn olóró kò jẹ́ kí òbí rẹ̀ lè tọ́jú rẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ yóò gba ọmọ náà. Wọ́n lè fi í sọ́dọ̀ ẹbí, tàbí sọ́dọ̀ alágbàtọ́ tí ìjọba ń fún lówó oṣooṣù, tàbí sí ilé tí àwọn ọmọ bíi tirẹ̀ ń gbé pọ̀. Ní ìparí ọdún ìṣúná 2022, ọmọ tó wà ní irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ lé ní 360,000. Ọ̀pọ̀ wọn ń padà sọ́dọ̀ òbí, àwọn mìíràn sì ń rí ẹni gbà wọ́n ṣọmọ pátápátá. Àwọn tó ṣẹ́kù ni ọ̀rọ̀ wà lórí wọn. Wọ́n á máa ti ọwọ́ alágbàtọ́ kan bọ́ sí ti òmíràn, láti ilé ìwé kan sí òmíràn, títí wọn yóò fi pé ọdún méjìdínlógún, tàbí mọ́kànlélógún ní àwọn ìpínlẹ̀ kan. Ọjọ́ tí wọ́n bá pé e, ìjọba a pa fáìlì wọn dé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, nǹkan bíi 20,000 ọ̀dọ́ ló ń jáde bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún láìní ilé tí wọn yóò padà sí.

Tiffany Haddish, apanilẹ́rìn-ín tí gbogbo ayé mọ̀, gba ọ̀nà náà kọjá. Ó ti sọ ọ́ ní gbangba lọ́pọ̀ ìgbà pé ọwọ́ alágbàtọ́ lòun wà nígbà ọ̀dọ́langba òun, àti pé nígbà tí òun ń wá ojú ọ̀nà nídìí àwàdà ní Los Angeles, inú ọkọ̀ Geo Metro òun lòun ń sùn. Apanilẹ́rìn-ín ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Kevin Hart, ló fún un ní 300 dọ́là kó fi wá ibi tó máa sùn sí. Nígbà tó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn alágbàtọ́, àpò ìdọ̀tí ni wọ́n ń fún un kó ẹrù rẹ̀ sí nígbà tó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn. Nígbà tó wá rí towó ṣe, ó dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń fún àwọn ọmọ alágbàtọ́ ní àpótí ìrìnnà gidi, kí wọ́n má baà rò pé pàǹtírí làwọn náà.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń rí Kevin Hart. Láti ọdún 2002 ni Mark Courtney àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Chapin Hall ní Yunifásítì Chicago ti bẹ̀rẹ̀ sí tọpa àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní 700, tí wọ́n ń jáde kúrò lọ́wọ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ Illinois, Wisconsin àti Iowa. Wọ́n ń padà wá bá wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Nígbà náà, láàárín ìdá 31 sí ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ti wà láìnílé lórí ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Nínú àwọn obìnrin wọn, ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti lóyún kí wọ́n tó pé ọdún mọ́kànlélógún. Ìyẹn ni pé ọmọbìnrin tí kò rẹ́ni tọ́ òun fúnra rẹ̀ ti fẹ́ di ìyá, bóyá inú ilé ọ̀rẹ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń sú ló sì wà.

Kí ló fà á tí irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ kì í fi rílé? Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí onílé ń béèrè ní Amẹ́ríkà. Onílé fẹ́ rí ẹ̀rí owó oṣù. Ó fẹ́ owó ìdúró tó tó owó ilé oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni náà ti jẹ gbèsè rí, bó sì ṣe san án. Bí ẹni náà bá jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò tíì ní ìtàn kankan nídìí owó, onílé yóò ní kó mú oníduró wá. Bàbá tàbí ìyá ló sábà máa ń fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ọmọ. Ọmọ alágbàtọ́ kò ní ẹni tí yóò pè. Nígbà mìíràn, orúkọ rẹ̀ pàápàá ti bàjẹ́ kó tó mọ̀, nítorí pé àgbàlagbà kan nínú àwọn ilé tó gbé rí ti fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ yá owó. Ó ṣẹlẹ̀ débi tí òfin ọdún 2011 fi pàṣẹ pé kí wọ́n máa yẹ àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn ọmọ yìí wò lọ́dọọdún kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Òfin mìíràn ní 2014 ní kí wọ́n rí i pé ìwé ìbí, káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé ìlera ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lọ. Ẹni tí kò bá ní ìwé tó fi hàn pé òun ni, àti pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ì báà mọṣẹ́ bí idán.

Àwọn aṣòfin kò ṣàìgbìyànjú. Wọ́n ti ń ya owó sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí láti 1986. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1999, Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí òfin tó bí ètò tí wọ́n fi orúkọ Sẹ́nétọ̀ John Chafee ti Rhode Island pè, ẹni tó kú ní oṣù méjì ṣáájú. Òfin náà sọ 70 mílíọ̀nù dọ́là tí wọ́n ń ná lọ́dún di 140 mílíọ̀nù, ó sì gba àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti fi apá kan rẹ̀ san owó ilé fún àwọn tó ti pé méjìdínlógún. Ní 2008, George W. Bush fọwọ́ sí òfin tó jẹ́ kí ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ máa tọ́jú wọn títí di ọdún mọ́kànlélógún. Kalifóníà wà lára àwọn tó tètè gbà á: Karen Bass, tó di olórí ìlú Los Angeles lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tó gbé àbádòfin rẹ̀ kalẹ̀, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2012.

Èyí tó wúni lórí jù nínú wọn ni ti ọdún 2019. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti jẹ́ ọmọ alágbàtọ́ rí, pàápàá láti Ohio, ni wọ́n gbé àbá lọ bá iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé. Wọ́n ní kí ìjọba máa fún ọ̀dọ́ tó bá jáde ní ìwé ìrànwọ́ owó ilé ní kíá, kó má baà di pé ó sun ìta ná kó tó kàn án. Ìjọba gbà. Ọ̀dọ́ láti ọmọ ọdún méjìdínlógún sí mẹ́rìnlélógún lè gba ìwé náà fún oṣù 36, òfin tó tẹ̀lé e sì jẹ́ kí ẹni tó bá ń kàwé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ lè fi oṣù 24 kún un. Àwọn tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ló mọ ibi tó ti ń ta wọ́n.

Òfin kì í dáná fún ọmọ jẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í jí i lọ síbi iṣẹ́. Ibẹ̀ ni ilé onígbà díẹ̀, níbi tí ọ̀dọ́ ti ń rí ilé àti onímọ̀ràn títí tó fi lè dá dúró, ti wúlò. Ní 1998, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley, Amy Lemley àti Deanne Pearn, dá First Place for Youth sílẹ̀ ní Oakland. Ọgbọ́n tí wọ́n dá rọrùn: àjọ náà fúnra rẹ̀ ló ń lọ bá onílé, orúkọ àjọ ló ń wà nínú ìwé àdéhùn, ọ̀dọ́ sì ń wọlé gbé. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ bí ó ṣe rí gan-an, wọ́n di oníduró fún ẹni tí kò ní. Kì í ṣe gbọ̀ngàn tí ibùsùn ogójì wà, iyàrá gidi láàárín àdúgbò ni, tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ àti ilé ìdáná tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan ń bá ọ̀dọ́ náà sọ̀rọ̀ nípa ìgbé ayé rẹ̀, òmíràn ń bá a wá iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́. Bó bá fi owó oṣù àkọ́kọ́ ra bàtà tán tí kò rówó ra oúnjẹ, wọn kò ní lé e jáde. Wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á tún un ṣírò.

Ọmọ ilé àwa náà ń ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ìyá rẹ̀ yóò bínú, yóò sì bu gàrí fún un.

Ní ti àwọn obìnrin tó ti dàgbà, iṣẹ́ náà ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Kip Tiernan ṣàkíyèsí ní Boston pé àwọn obìnrin kan ń múra bí ọkùnrin kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ ní ibùdó aláìnílé, torí pé ọkùnrin nìkan ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ní 1974 ó sọ ilé ìtajà kan tí wọ́n ti pa tì di Rosie's Place, ibùdó àkọ́kọ́ fún obìnrin aláìnílé ní Amẹ́ríkà, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Ní 1978, Jill Halverson ṣí Downtown Women's Center ní Skid Row, àdúgbò tí aláìnílé pọ̀ sí jù ní Los Angeles. Ibẹ̀ náà dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ nígbà tó yá, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe àbẹ́là àti ọṣẹ fún títà.

Ní Nashville, ìpínlẹ̀ Tennessee, àlùfáà obìnrin kan tó ń jẹ́ Becca Stevens ṣí ilé kan ní 1997 fún obìnrin márùn-ún tí wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ aṣẹ́wó, oògùn olóró àti àwọn tó ń fi èèyàn ṣòwò. Ọdún méjì ni obìnrin kọ̀ọ̀kan ń gbé níbẹ̀, kò sì ní san kọ́bọ̀. Kò sí ọ̀gá tó ń sùn sínú ilé láti máa ṣọ́ wọn. Àwọn fúnra wọn ló ń tọ́jú ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara wọn ti dá, ilé iṣẹ́ kò fẹ́ gbà wọ́n torí orúkọ wọn wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ìdí nìyẹn tí Stevens fi dá Thistle Farms sílẹ̀ ní 2001, tí wọ́n ń ṣe àbẹ́là àti ìpara. Ẹni tí ayé kò gbà síṣẹ́, ilé tirẹ̀ ló gbà á.

Ó tọ́ ká sọ apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Láàárín 2010 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2012, ìjọba Amẹ́ríkà kó ìdílé 2,282 láti ibùdó aláìnílé ní àgbègbè méjìlá, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n lè mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù. Àwọn kan gba ìwé ìrànwọ́ owó ilé tí kò ní gbèdéke, àwọn kan wọ ilé onígbà díẹ̀ tó ní onímọ̀ràn nínú, wọ́n sì fi àwọn kan sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn tó gba ìrànwọ́ owó ilé ló ṣe dáadáa jù, wọn kò padà sí ìta bíi ti àwọn yòókù. Ilé onígbà díẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mú ìyàtọ̀ wá, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ kò kéré. Lẹ́yìn náà, ìjọba dín owó rẹ̀ kù fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí irú ibùsùn bẹ́ẹ̀ fi wálẹ̀ ju ìlàjì lọ.

Ìwádìí náà dára, òótọ́ ló sì sọ: ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tí owó ilé ga jù fún kò nílò ẹni tí yóò máa kọ́ ọ bí a ṣe ń gbálé. Owó ilé ló nílò. Àmọ́ ìdílé tó ní ọmọ ni wọ́n yẹ̀ wò. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí kò gbé ilé kan ju ọdún méjì lọ rí, tí kò tíì ní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta yẹn ni yóò fi kọ́ṣẹ́ tàbí parí ìwé. Bí wọ́n bá fún un nílé láìsí iṣẹ́, owó ilé yóò lé e jáde lọ́jọ́ tí gbèdéke bá pé. Bí wọ́n bá fún un níṣẹ́ láìsí ilé, níbo ni yóò ti wẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀?

Ẹni tó dúró tì í sì ṣe pàtàkì bí ilé àti iṣẹ́. Àjọ Youth Villages ní Tennessee fi òṣìṣẹ́ ti ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan, tó ń wá a lọ síbi tó wà ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Wọ́n dán an wò lára ọ̀dọ́ tó lé ní 1,300. Owó tó ń wọlé fún wọn fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí kò rí irú ìrànlọ́wọ́ náà lọ, iye àwọn tó di aláìnílé sì dín kù. Kò mú kí ìwé kíkà wọn tẹ̀ síwájú, èyí tó fi hàn pé iṣẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ alágbàtọ́ kì í ṣe àjèjì sí ìran Yorùbá. Láti nǹkan bí ọdún 1955 lọ, ọ̀pọ̀ òbí wa tó lọ kàwé ní London ló fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n ń sanwó fún. Òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje jẹ́ ọ̀kan nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó dàgbà lọ́dọ̀ alágbàtọ́ ní Tilbury, ó sì fi ìtàn ayé rẹ̀ ṣe fíìmù Farming ní 2018. Àdéhùn ìkọ̀kọ̀ láàárín òbí àti alágbàtọ́ ni tiwọn, kóòtù kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ ọmọ tí kò mọ ibi tó ti wá fara jọ ara wọn. Lónìí, òfin England ti ọdún 2014 jẹ́ kí ọmọ tó wà lọ́wọ́ ìjọba lè dúró sọ́dọ̀ alágbàtọ́ rẹ̀ títí di mọ́kànlélógún bí àwọn méjèèjì bá fẹ́, òfin 2017 sì fún un lẹ́tọ̀ọ́ sí onímọ̀ràn títí di ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló nílé tí wọ́n fi ń rẹ́ńtì ní Houston, ní Atlanta, ní Maryland. Ọ̀pọ̀ ló ní ilé ìtọ́jú arúgbó, ṣọ́ọ̀bù onídìrí àti ilé oúnjẹ. Bí ọ̀dọ́ kan bá mú ìwé ìrànwọ́ owó ilé wá bá yín, ẹ má fi í ṣe ẹlẹ́yà, ẹ gbà á wọlé. Bí àjọ kan ládùúgbò yín bá ń wá ibi tí ọmọbìnrin tó jáde lọ́wọ́ ìjọba ti lè kọ́ iṣẹ́ irun tàbí iṣẹ́ oúnjẹ, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ̀yin tó wà nílé ńkọ́? Nígbà tí ẹ bá gbé ìrẹsì àti aṣọ lọ sí ilé ọmọ aláìlóbìí lọ́jọ́ ìbí yín, ẹ bi alábòójútó ibẹ̀ léèrè ibi tí àwọn tó ti pé ọdún méjìdínlógún ń lọ, kí ẹ sì mú ọ̀kan nínú wọn lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tí yóò kọ́ ọ níṣẹ́.